Ẹ Bi Ọmọ Náà Léèrè Ẹni Tó Rán An

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Aránṣọ ni mí, ìtòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ní àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tí àwọn gayman, ìyẹn àwọn oní-gbájúẹ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára, ń rán níṣẹ́ ibi ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti irú ọwọ́ tí ìjọba fi ń mú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rí i mú. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e jáde pé wọ́n kó àwọn oní-gbájúẹ̀ lọ síwájú CRIET, ilé-ẹjọ́ tó wà ní ìlú wa níbí, mo máa ń wá ibi tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ ọdún 13 tàbí 14 tó lọ gba owó náà fún wọn. N kì í rí i.

Gayman kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba owó. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì lè wà ní Faransé, ó sì lè wà ní Kútọ̀nú níbí. Ibi yòówù kó wà, owó náà gbọ́dọ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà ẹnì kan kó tó di owó tí a ń ná, nọ́ńbà náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti gayman. Síìmù kò ṣeé rà láìsí ìwé ìdánimọ̀. Nítorí náà wọ́n á wá ọmọ àdúgbò, wọ́n á ní kó lọ gba ìwé ìyá rẹ̀ àgbà. Ọmọ á ní, "Màmá, ẹ yá mi ní ìwé yín, wọ́n fẹ́ rí i níléèwé." Màmá tí kò mọ̀wé kà á tú u jáde nínú ìdí aṣọ, á fi lé ọmọ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, orúkọ arúgbó ni wọ́n fi ń gba owó olówó, ọmọ yẹn ló sì ń tò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe MoMo, owó orí fóònù, lábẹ́ agbòòrùn. Wọ́n á fún un ní 1,000 tàbí 2,000 sẹ́fà. Wọ́n á ra bàtà fún un. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò tíì rówó ìwé rẹ̀ san kò ní rí ìkà nínú ẹni tó ra bàtà fún un.

Ohun tó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà ni gbèsè. Ojú fóònù tí wọ́n fún ọmọ á fọ́, tàbí kí owó kan má pé, tàbí kí "olè" já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé àwọn kan náà ló dọdẹ rẹ̀. Wọ́n á ní ó jẹ àwọn ní 60,000. Níbo ni ọmọ ọdún 14 ti máa rí i? Á máa ṣiṣẹ́ san án, iṣẹ́ náà á máa pọ̀ sí i, gbèsè náà kò sì ní tán.

Èyí kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Àbúrò ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi máa ń wá sọ́dọ̀ wa tí iléèwé bá ṣẹ́. Ó máa ń bá wa lọ aṣọ, ó sì mọ bọ́tìnì í gán ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan mo ń wá àjákù áńkárá nínú apẹ̀rẹ̀, ni mo bá kan fóònù kéékèèké oníbọ́tìnì mẹ́ta ní ìsàlẹ̀. Wọ́n lẹ pílásítà, irú èyí tí a fi ń di ojú ọgbẹ́, mọ́ ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi bírò kọ lẹ́tà méjì méjì sí i. Ọ̀kan nínú lẹ́tà náà bá orúkọ ìyá wọn àgbà mu. Mo pe ọmọ náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ti bùọ̀dá kan ni, wọ́n ní kí òun máa tọ́jú rẹ̀, òun sì jẹ bùọ̀dá náà ní gbèsè. Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A ò tíì mọ ẹni tí a máa gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ tí ọlọ́pàá fi dé wá mú un.

Mi ò ní dárúkọ àgọ́ ọlọ́pàá náà, nítorí kì í ṣe kí ojú lè ti ẹnikẹ́ni ni mo ṣe ń kọ̀wé. Wọn ò nà án. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fún un ní búrẹ́dì. Àmọ́ mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ohun tí wọ́n bi í: èló lo gbà, níbo ni o ti gbà á, ta ni ó ni síìmù? Wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Faransé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé Yorùbá àti Ègùn nìkan ló gbọ́, tẹ̀ka sí i láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ yẹn pé, "Ta ló rán ọ?" Ó tó dìgbà tí ìwé parí kí òṣìṣẹ́ ọ̀ràn ọmọdé tó dé, òun náà sì ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe. Wọ́n gba fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ padà sílé, bùọ̀dá náà ti fi owó fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún gbèsè rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o: ìjọba gba fóònù ọ̀daràn lọ́wọ́ ọmọ, gbèsè ọmọ sì lé sí i. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rìn, nítorí gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ná ní nǹkan. Iléèwé ní kó ṣì lọ jókòó sílé ná. Bùọ̀dá náà ṣì ń gun alùpùpù rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ìjọba wa mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà tó bá wù wọ́n. Ní ọdún 2003, àwọn ọmọ wa tó lé ní 200 ni wọ́n kó bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ìhà Zakpota. Gbogbo ayé káàánú wọn, àánú náà sì tọ́ sí wọn. Ní 2005, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ fọwọ́ sí àdéhùn láti gbógun ti fífi ọmọ ṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe òfin 2006-04, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 lélẹ̀ fún ẹni tó bá fi ọmọ ṣòwò. Ní 2015 wọ́n tún ṣe odindi ìwé òfin kan fún ọmọdé. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ òkúta pé, "Òkúta mélòó lo fọ́?" Ẹni tó kó wọn lọ ni wọ́n ń wá. Tí ọmọ náà bá wá mú fóònù lọ́wọ́ dípò òòlù, kí ló dé tó fi di olè?

Àwọn kan á ní, "Ọmọ yìí mọ ohun tó ń ṣe, ó sì jẹ nínú owó náà." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi pàápàá. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 lórí fífi èèyàn ṣòwò ti dáhùn rẹ̀: tó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n kó láti lò ó nílòkulò, bí wọn ò tiẹ̀ fipá mú un, tí wọn ò tàn án, òwò ọmọ ni. Bó gbà, bó kọ̀, ìyẹn kò yí i padà. Àdéhùn 182 tí àjọ àgbáyé fún ọ̀ràn iṣẹ́ ṣe ní 1999, tí Bẹ̀nẹ̀ náà fọwọ́ sí, ka lílo ọmọ fún iṣẹ́ tí òfin kà léèwọ̀ mọ́ ara iṣẹ́ tó burú jù lọ tí ọmọdé lè ṣe, ìlà kan náà pẹ̀lú ẹrú àti aṣẹ́wó. Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè kì í ṣe ojúrere.

Àbúrò ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níléèwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ fún mi pé níbẹ̀ náà, àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú ń fi ọmọ iléèwé ránṣẹ́ láti ìlú ńlá lọ sí ìlú kéékèèké, wọ́n á di oògùn olóró mọ́ wọn lára, gbèsè kan náà ni wọ́n sì fi ń dè wọ́n, títí kan olè tí àwọn fúnra wọn rán láti ja ọmọ lólè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní 2015 lórí ọ̀rọ̀ ẹrú òde òní. Abala 45 rẹ̀ jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè fi hàn nílé-ẹjọ́ pé lílò tí wọ́n lo òun gan-an ló fa ohun tí òun ṣe, àyàfi àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá bí ìpànìyàn. Tí ọlọ́pàá tàbí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì fura pé wọ́n ń lo ọmọ kan, dandan ni kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti máa pinnu bóyá wọ́n fi ṣòwò lóòótọ́. Ó ní kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó ní ọmọ púpọ̀ ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀, ìbéèrè yẹn ti wà nínú ìwé, ọlọ́pàá kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, ládùúgbò wa bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní tí a bá ń dá ọmọ sílẹ̀, ṣe ni àwọn gayman á túbọ̀ máa kó ọmọ sí i. Mo ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi ń lo ọmọ báyìí? Ìdí ni pé tí wọ́n bá ti mú ọmọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ ló dà bí òwú tí a fi ránṣọ tó já lẹ́nu abẹ́rẹ́: ẹni tó ń ránṣọ á fi òmíràn sí i, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n mú ló ń já sí ẹni tó rán an, tí ẹni náà sì ń fojú kan ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó tún máa fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe pé kò sí ẹni tó lè tọ pinpin rẹ̀. Láti 2018 ni a ti ní ìwé òfin fún ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára, a sì ní CNIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú inú fóònù wò. Fóònù mẹ́ta tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, nọ́ńbà ẹni tó ń pè é láàárọ̀ lálẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n lò ó láti fi mọ iye tí ọmọ gbà. Wọn ò lò ó láti fi mọ ẹni tó rán an.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí ọlọ́pàá kankan má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ CPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran ìdílé àti ọmọdé lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní GUPS nísinsìnyí, tó dé. Kí ẹnì kan ka ìwé náà fún òbí ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka, ní ìlú tó jẹ́ pé Ègùn àti Yorùbá ni ọjà fi ń ná. Kí wọ́n wá ibi tí ọmọ máa sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí bùọ̀dá ò ní mọ̀. OCPM, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń dáàbò bo ọmọdé, ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kútọ̀nú, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, kò yẹ kó jẹ́ pé a ní láti gbé ọmọ lọ sí Kútọ̀nú kí ó tó rí ibi sùn. Kí iléèwé gbà á padà lọ́jọ́ kejì, nítorí ọmọ tó ń jókòó sílé láàárọ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Kí agbẹjọ́rò ìjọba sì máa fi òfin 2006 yẹn mú ẹni tó ní fóònù. N kò bẹ̀bẹ̀ fún gayman o. Kí wọ́n gbé wọn.

Àwa òbí náà ní tiwa. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ gbé bàtà 25,000 wọlé, tí kò bi í léèrè, kò ṣe é dáadáa. Àwa ọ̀gá iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká máa wo inú apẹ̀rẹ̀ wa.

Olóòtú, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn ọmọdé, 138 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń tajà ní Wàǹdó ni kò mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ gàdàgbà, ní Yorùbá àti Ègùn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì bá wa rán akọ̀ròyìn yín kan lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú: tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ọdún 14 ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé, ta ni wọ́n máa pè, ṣé ẹni náà á sì gbé fóònù?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Wàǹdó, Àjàṣẹ́