Ìyá Ìbejì, mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe mẹ́fà

Yábàá, Èkó
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Báwo ni àwọn ìbejì? Ṣé wọ́n ṣì ń fi Yorùbá dá ọ lóhùn, àbí Kánádà ti gba ahọ́n wọn pátápátá? Àárò rẹ ń sọ mí, pàápàá tó bá di aago méjì ọ̀sán tí agogo lù, tí gbogbo ọgbà dà bí ọjà Oyíngbò.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Wọ́n fẹ́ dín àwọn tó ń mójú tó lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ilé ìwé wa, kù, láti mẹ́sàn-án sí mẹ́fà, ní táàmù tó ń bọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, Màdáámù, ọ̀gá wa, ní owó kò ká a mọ́. Lórí ìwé, ìṣirò wọn dán: ọmọ 84, òṣìṣẹ́ 6, ọmọ 14 fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ẹni mẹ́fà kì í jẹ́ mẹ́fà láti aago méjì sí aago mẹ́fà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé. Ẹnì kan á máa mú àwọn jẹ́lé-ó-sinmi lọ tọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá ti ní òun fẹ́ tọ̀, mẹ́rin á dìde tẹ̀ lé e. Ó ku mẹ́rin. Ọmọ 21 fún ẹnì kan nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan ò bá wá, ó di 28, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sì wà nínú wọn.

Bí o ṣe pín in kí o tó lọ náà ló tọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi 24, ẹni mẹ́ta, ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Pírámárì 60, ẹni mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnì kan ní géètì. Ẹnì kan tí kò ní kíláàsì rárá, tó ń rìn káàkiri. Ẹni tó ń rìn káàkiri yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yọ, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an. Òun ni wọ́n ń ké sí tí imú ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí bàbá kan bá ń pariwo lẹ́nu géètì, tí tíṣà bá fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásàárì. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan wọ̀nyí ló máa fa tíṣà jáde, tí kíláàsì á sì wà láìsí àgbàlagbà nínú rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn aago méjì. Inú lẹ́sìn kọ́ ni ọmọ ti ń sọnù. Ìgbà tí tíṣà kíláàsì rò pé tíṣà lẹ́sìn ti gbà á, tí tíṣà lẹ́sìn sì rò pé ìyá rẹ̀ ti wá mú un, ìgbà yẹn ni. Àwọn tuntun máa ń ka orí. Orí mẹ́tàlélógún kúrò ní kíláàsì, mẹ́tàlélógún dé lẹ́sìn, wọ́n á ní ó pé. Orí pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́sìn ti tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Orúkọ ni kí wọ́n máa pè, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, kí tíṣà méjèèjì fọwọ́ síwèé níwájú ara wọn, kí wọ́n kọ aago sí i. Bí orúkọ kan ò bá dáhùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí a ó fi mọ ibi tó wà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà fún ogún ọmọ. Pẹ̀lú ẹni mẹ́fà, ta ló máa ní ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn?

Ọjọ́ Jímọ̀ tún yàtọ̀. Àwọn tó lọ kírun kì í tètè ti mọ́ṣáláṣí dé, nítorí náà àwọn Onígbàgbọ́ ló ń gba ọmọ lọ́jọ́ náà, àwọn Mùsùlùmí a sì dúró di aago mẹ́fà. Àwọn fúnra wọn ló pín in bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà kankan. Tí a bá dín èèyàn kù, ètò yẹn bàjẹ́ nìyẹn.

Géètì ńkọ́? Orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè wá mú ọmọ àti fọ́tò wọn ló ṣì wà lórí fóòmù ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá sí lára mẹ́ta yẹn, nọ́ńbà tó wà lórí fóòmù la máa ń pè. A kì í gba fóònù tí àlejò bá nà sí wa pé "ìyá rẹ̀ rèé lórí ìlà", a kì í sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí WhatsApp, torí fóònù tí wọ́n jí nínú dánfó lè kọ "ẹ fún bọ̀ọ́dà yẹn" bí ẹni pé ìyá gan-an ló kọ ọ́. Láti aago márùn-ún ààbọ̀, ẹni méjì ló ń dúró, kì í ṣe ẹnì kan, kódà bó ṣẹ́ ku ọmọ kan ṣoṣo. Wọ́n sì ń gba owó wọn di aago mẹ́fà bí ọmọ ìkẹyìn tiẹ̀ lọ ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Búrsà fẹ́ gé ìyẹn náà. Mo ṣàlàyé fún un pé bí owó bá ti ń tán nígbà tí ọmọ bá lọ, ẹni tó rẹ̀ á máa kánjú fi ọmọ lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ kò tíì yanjú. Àwọn àgùnbánirọ̀ dára, ara wọn yá, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ CDS, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tiwọn, ọdún wọn sì lè pé ní àárín táàmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG àti Yabatech náà, ìdánwò dé, wọ́n lọ. Nítorí náà n kì í jẹ́ kí irú wọn ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́sàn-án, n kì í sì fi méjì wọn sí yàrá kan náà. Àwọn tíṣà kíláàsì, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti ń kọ́ni láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ohùn rẹ̀ ti máa ń le sí ọmọ ní aago mẹ́rin. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin pupa ti ń gbé èrò ní 2024, mo ti ń wá èèyàn ní Agége àti Ìkẹjà, torí wọ́n ń sọ̀ ní Yábàá níbí láìbá gòsílóò jà. Màdáámù ní òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di 70,000 náírà ní 2024, kò de àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní kíkún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ò ní wá lọ́jọ́ òjò, ọjọ́ òjò gan-an sì ni àwọn òbí máa ń pẹ́ jù.

Ìpàdé àwọn òbí ń lọ dáadáa, inú rẹ á dùn. A ti kúrò ní Sátidé, òde àríyá ń gba gbogbo wọn. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Ọjọ́bọ̀ ni báyìí, nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pẹ̀lú púfúpúfú, Yorùbá la sì fi ń ṣe é. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò la ẹnu rí ti ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni méjì ń di àwọn ọmọ mú ní yàrá kejì. Ẹni méjì náà rèé, ibo ni a ó ti rí wọn nínú mẹ́fà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bí ọkùnrin. Òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ìyá elépà ní kí n kí ọ, ó ní gbèsè rẹ ti di ìfẹ́.

Ìyá Ìbejì, ìpàdé owó di Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi pe Màdáámù ní alẹ́ Sátidé, bíi aago mẹ́jọ níbí, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ. Ó ń gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o pè, n kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé mẹ́fà náà ni owó ká, kí ó gbà kí a dín ọmọ kù: ẹnì kan ní géètì, ẹnì kan tó ń rìn káàkiri, méjì fún jẹ́lé-ó-sinmi 16, méjì fún pírámárì 30. Ọmọ 46 nìyẹn, kì í ṣe 84. Mi ò lè fọwọ́ sí 84.

Bá mi ya fọ́tò ojú ewé ìgba-ọmọ, èyí tí tíṣà méjèèjì ń fọwọ́ sí, tí o fi ọwọ́ ara rẹ là, ìyẹn tó wà nínú ìwé aláwọ̀ ewé tí o mú lọ. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ níbí kò fi àyè ìfọwọ́sí kejì sílẹ̀.

Kí Bàbá Ìbejì fún mi.

Èmi ni,
Àǹtí Lẹ́sìn rẹ