Ẹ fi àyè rélùwéè sílẹ̀ láàárín títì wa títí dé Àgbádárìgì

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nítòsí ọjà Àgbálátà. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tíréènì oníná ò bá ilẹ̀ wa mu, pé nǹkan tuntun táwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò ni, pé NẸ́PÀ ò lè gbé e, pé ibi tí Blue Line, tíréènì oníná Èkó, dé ní Mile 2 yẹn náà ti tó, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan an torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tíréènì oníná kì í ṣe ọmọ àná. 1879 ni Werner von Siemens, ẹnjiníà ará Jámánì, ti gbé tiẹ̀ jáde níbi ìpàtẹ kan ní Berlin, ẹ́ńjìnnì kékeré báyìí tó ń fa àwọn èèyàn yípo, nígbà tó máa fi di 1890 wọ́n ti ń fi ẹ́ńjìnnì oníná kó èrò lábẹ́ ilẹ̀ London torí èéfín èédú ò ṣeé mí sínú nínú ihò, ní 1895 wọ́n tún fi gba ihò abẹ́ ìlú Baltimore kọjá ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá wò ó, 1896 ni gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to irin tiwa ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, èédú náà ni wọ́n sì ń dá nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní tuntun yẹn ti wà nílẹ̀ kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Irin ti gẹ̀ẹ́sì yẹn ò sì ya ọ̀dọ̀ wa. Ẹrù ló ń wá lọ, kòkó, òwú, ẹ̀pà Kánò nígbà tó débẹ̀, àwa tá a jẹ́ èbúté látayébáyé ò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ kó mọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé báwọn bá ń lọ sí Ọ̀fà, ọkọ̀ ojú omi làwọn máa kọ́kọ́ wọ̀ níbí dé Èkó, kí wọ́n tó wá gbé ẹrù lọ sí Ìdó lọ dúró de rélùwéè, tí gbogbo ọjọ́ á ti lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Blue Line. Bíi 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, September 4, 2023 la tó gùn ún, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, stéṣọ̀n márùn-ún. Dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi fà á láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, October ni iná wọlé. Ẹ wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá dúró ní stéṣọ̀n (ẹ má sún mọ́ ọn o, ó ń pa èèyàn), irin kẹta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí táyà ń gùn, ibẹ̀ niná ń gbà wọ inú mọ́tò tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Kò gbé epo dání, kò sí èéfín, tó bá sì ṣí báyìí á ti fò lọ. Mi ò bú dísẹ́ẹ̀lì o, òun ni Red Line, tíréènì Èkó kejì, ń lò, torí irin Èkó sí Ìbàdàn ló ń bá a pín.

Ti NẸ́PÀ tí oníwèé yẹn ń sọ, ó yé mi, èmi náà ń gbé inú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n Switzerland ò fi bẹ́ẹ̀ ní èédú, nígbà ogun 1914 èédú wọ́n gógó, wọ́n bá kọjú sí omi tó ń já látorí òkè wọn láti fi ṣe iná, nígbà tó fi di 1922 iná ló ń fa tíréènì gba ọ̀nà Gotthard láàárín òkè wọn kọjá. Ẹ ní òyìnbó ni wọ́n? Ethiopia ńkọ́, láti 2016 ni wọ́n ti ní oníná láti Addis Ababa dé Djibouti, ó lé ní kìlómítà 700, iná ilé wọn náà kì í sì í fìgbà gbogbo wà.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Okokomaiko ni wọ́n ní Blue Line máa parí sí, kìlómítà 27 lápapọ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Ìyànà-Ìbà lójoojúmọ́, aago mẹ́rin àárọ̀ ló ń jí, tí danfó bá há sí Agbárá kó tó dé Ìjànikin iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe títì Èkó sí Àgbádárìgì wa yìí, ṣé wọ́n ń fi àárín ẹ̀ sílẹ̀ fún irin? Tí wọ́n bá da kọnkéré pa á tàbí tí ṣọ́ọ̀bù kún ibẹ̀, wíwó ilé onílé ló kù, a sì mọ iye ọdún tíyẹn ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn yín lọ bi wọ́n, kẹ́ ẹ tẹ èsì wọn síbi tá a ti máa rí i.

Èmi òǹkàwé yín,
Àgbádárìgì