Ààlè àti Àgò

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin ẹgbẹ́ akọrin wa gbé orin tuntun jáde, lẹ́yìn tí ó ti fi nǹkan bí ọdún méjì kó owó jọ fún ilé ìgbohùnsílẹ̀, fún onídùùrù àti fún àwọn onílù. Ó gbé orin náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ rà á. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo rẹ̀ ti wà ní orí WhatsApp ìjọ wa lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń gbàdúrà fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Èmi pàápàá fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí abẹ́ rẹ̀ láì bèèrè ibi tí ó ti wá. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arábìnrin náà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí láti ẹnu èmi fúnra mi.

Àwa tí a dàgbà ní àwọn abúlé tó yí Àkúrẹ́ ká mọ ohun tí à ń pè ní ààlè. Ìyá arúgbó lè ṣẹ́gi, kí ó dì í jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, kí ó há àkísà tàbí ìkarahun ìgbín sí i lára, kí ó sì máa lọ sílé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá yóò mọ̀ pé igi náà ní ẹni tí ó ni ín, kò sì ní fọwọ́ kàn án, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Òfin tí ìjọba ń pè ní Copyright Act jẹ́ irú ààlè bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ ọpọlọ. Èyí tí a ń lò báyìí ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023 láti fi rọ́pò ti ọdún 1988. Ó sì fún oníṣẹ́ ní àṣẹ láti kọ̀wé sí àwọn tí ń gba orin tàbí ìwé sórí ìkànnì wọn, pé kí wọ́n yọ èyí tí a gbé síbẹ̀ láìgbàṣẹ kúrò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, sọ fún mi pé bí a bá jí igi ìyá arúgbó gbé, igi ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n bí a bá da orin kọ, orin ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, n kò sì fẹ́ fi ìbínú dá a lóhùn. Orin kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Owó iṣẹ́ ni kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí wòlíì Jeremáyà dá ọba Júdà lẹ́bi fún ní orí 22, ẹsẹ 13, gan-an nìyẹn: pé ó lo iṣẹ́ aládùúgbò rẹ̀, kò sì san owó ọ̀yà rẹ̀ fún un.

Ẹ má ṣe torí èyí bẹ̀rù láti kọ orin ìyìn o. Ààlè kì í wà lórí iṣẹ́ títí ayé. Lábẹ́ òfin wa, ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ orin tàbí ìwé máa ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Isaac Watts kú ní ọdún 1748, Fanny Crosby sì kú ní ọdún 1915, nítorí náà ọ̀rọ̀ orin wọn ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá túmọ̀ ọ̀kan nínú wọn sí Yorùbá lónìí, tirẹ̀ ni ìtumọ̀ náà.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí gan-an ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ìpàdé tí a ṣe, àwọn kan tí inú ń bí nítorí arábìnrin wa dábàá pé kí a pe àwọn ọ̀dọ́ sí ọ́fíìsì ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a gba fóònù wọn, kí a sì wo inú rẹ̀ títí a ó fi rí ẹni tí ó kọ́kọ́ pín orin náà. Mo kọ̀. Nínú Deuteronomi orí 24, ẹsẹ 10 àti 11, Ọlọ́run pàṣẹ pé bí ẹnìkan bá yá arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan, kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbèsè náà lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni kí ó dúró sí, kí onígbèsè fúnra rẹ̀ mú un jáde wá. Ẹ kíyè sí i pé gbèsè náà kì í ṣe irọ́, olówó kò sì jẹ̀bi pé ó bèèrè. Síbẹ̀ ó ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí. Àwọn baba wa pàápàá kì í wọlé onílé láì ké pé "Àgò onílé o!", wọn a sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn pé "Àgò yà!" Inú fóònù ènìyàn lónìí ju yàrá rẹ̀ lọ: àìsàn rẹ̀, gbèsè rẹ̀, àdúrà tí ó ń gbà ní òru, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì dáàbò bo ilé ẹni, lẹ́tà ẹni àti ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí tẹlifóònù.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ènìyàn lásán lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2003 nítorí orin tí wọ́n ń pín láàárín ara wọn. Bí àwọn ètò pínpín náà ti rí ni pé ẹni tí ń gba orin tún ń fún ẹlòmíràn, nọ́ḿbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dá ìlà rẹ̀ mọ̀ sì hàn sí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń pín in. Nọ́ḿbà yẹn lè tọ́ka sí ilé kan, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọwọ́ ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan wà lára àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní New York, ìyá rẹ̀ sì san 2,000 dọ́là kí ọ̀rọ̀ lè parí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ orin náà fẹ́ kí Verizon, ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, fi orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ láì tíì pe ẹjọ́ kankan, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington sọ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà pé òfin tí wọ́n gbé ọwọ́ lé kò fún wọn ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 2008, wọ́n kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú pípe ẹjọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Nítorí náà, a ti yọ orin náà kúrò ní orí WhatsApp ìjọ, a kò sì ní wá ẹni tí ó pín in. Akọ̀wé ìjọ kò ní fún ẹnikẹ́ni ní àkọsílẹ̀ nọ́ḿbà fóònù yín, yálà nítorí ọ̀ràn yìí tàbí nítorí òmíràn. Arábìnrin wa ti sọ iye tí ó ń ta orin náà, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí orin náà bá ti wà lórí fóònù rẹ̀ lè pa á rẹ́, tàbí kí ó mú àpò ìwé kan lórí tábìlì tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó fi owó náà sínú rẹ̀, kí ó sì jù ú sínú àpótí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ orúkọ sára àpò ìwé náà.