Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Sin Àwọn Aláìsàn Lọ sí Lourdes Fi Ẹnu Ara Wọn Ròyìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan bí ẹ ṣe ń fi èdè Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ àwa tí a wà lókè òkun dé etígbọ̀ọ́ àwọn ará ilé. Ìròyìn ṣókí tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa àwọn ọ̀dọ́ Kátólíìkì láti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bá dáyósíìsì wọn (àwọn ìjọ tí ó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan) lọ sí ìrìn àjò mímọ́ ní ìlú Lourdes ní ilẹ̀ Faransé, ló mú mi kọ ìwé yìí. Inú mi dùn pé ẹ kà wọ́n sí. Àmọ́ ohun tí ẹ kọ kò ju pé wọ́n lọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì dé láyọ̀ àti àlàáfíà, pẹ̀lú àwòrán kan tí gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín. Ìjọ tí díẹ̀ nínú wọn ti wá ni èmi náà ń lọ, mo sì jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n dìde lẹ́yìn Máàsì láti sọ ohun tí ojú wọn rí. Iṣẹ́ ni wọ́n sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn kò sí nínú ìròyìn yín, òun sì ni mo fẹ́ kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn fadá àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nílé gbọ́.

Fún àwọn òǹkàwé tí kì í ṣe Àgùdà, ó yẹ kí n sọ bí Lourdes ṣe di ibi tí àwọn aláìsàn ń rọ́ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1858, ọmọbìnrin ọlọ́lọ kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, Bernadette Soubirous, lọ ṣẹ́ igi ìdáná pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn kan létí odò Gave. Níbi ihò àpáta Massabielle ni Ìyá Olúwa wa ti fara hàn án, ìfarahàn náà sì jẹ́ ìgbà 18 kí ó tó parí ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ni a ní kí ó lọ mu omi, kí ó sì wẹ̀ ní orísun kan tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ títí omi fi sun, omi náà kò sì tíì dẹ́kun títí di òní. Bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà fọwọ́ sí ìfarahàn yìí ní 1862. Ohun tí mi ò fẹ́ kí a gbójú fò nínú ìtàn Bernadette ni pé aláìsàn ni òun fúnra rẹ̀, ikọ́ fée kò jẹ́ kí ó mí dáadáa láti kékeré, síbẹ̀ nígbà tí ó di sísítà ní Nevers, ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Faransé, ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ni wọ́n fi í sí pé kí ó máa ṣe ìrànlọ́wọ́. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tí ó kú ní 1879. Ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní Lourdes bẹ̀rẹ̀ ní 1885, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní olónìí.

Bí ètò àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù yìí ṣe rí nìyí. Dáyósíìsì a máa kó àwọn aláìsàn, àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara lọ pẹ̀lú dókítà, nọ́ọ̀sì àti fadá, wọ́n a sì wọ̀ sí ilé ìtọ́jú ńlá tí ó wà ní òdìkejì odò sí ihò àpáta náà. Àwọn ọ̀dọ́ ni ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ń jí ní ìdájí, wọ́n ń gbé oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn aláìsàn, wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń nu tábìlì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fa kẹ̀kẹ́ tí àwọn aláìsàn jókòó sí lọ sí Máàsì, lọ sí ihò àpáta, lọ sí ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ Sákírámẹ́ntì Mímọ́ (Ara Olúwa) ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àti sí ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ alábẹ́là ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Iṣẹ́ wíwẹ̀ àti pípààrọ̀ aṣọ kì í ṣe ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 18. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn àgbà tí a ti yẹ ìwà wọn wò ló ń ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Kẹ̀kẹ́ tí mo wí yẹn ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ mi. Aláwọ̀ búlúù ni, ó ní ìbòrí tí a lè fà bo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bí òjò bá dé, iwájú rẹ̀ sì ni ọ̀pá tí a fi ń fà á wà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ipa ọ̀nà kan fún un láàárín ìgboro, kí mọ́tò má baà dí i lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì sọ fún wa pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun fi gbogbo agbára fa bàbá àgbàlagbà kan, inú òun sì ń dùn pé àwọn ń ya àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fa kẹ̀kẹ́ náà kẹ̀yìn sí ẹni tí ó jókòó. Nígbà tí wọ́n débi ihò àpáta tí ó yíjú padà, ó rí i pé aṣọ ìbora bàbá náà ti ṣubú láti ìdí afárá, òtútù sì ti mú un dé egungun, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ tí kò fi lè pariwo. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá ti dé kọ́nà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí á dúró, á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú bàbá mu, á wá bi í léèrè pé, "Ṣé kò sí, sà?" Bàbá náà á sì gbé ìka kan sókè.

Ọmọbìnrin kan ni mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ó kan gbogbo àwa òbí Yorùbá tí a ń tọ́ ọmọ níhìn-ín. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, àmọ́ kì í fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n fi màmá kan lé e lọ́wọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tí àrùn ìgbàgbé ti bá fínra débi pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ti pòórá, tí ó jẹ́ Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú, ọmọ náà gbé ife omi fún màmá, màmá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún gbé e fún un, màmá pa ẹnu dé. Nọ́ọ̀sì wá, ó rọ màmá títí, ó sú u. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi ń gbé ife, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi di ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mú. Ó ní ohun tí ìyá òun máa ń bá òun wí lé lórí nílé ló sọ sí òun lọ́kàn lójijì. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà sí ìdí ògiri kí ó má baà yí, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife náà, ó fi ọwọ́ òsì gbá a nídìí, ó ní, "Màmá, ẹ gba omi, mà." Màmá mu omi náà tán, ó sì súre fún un. Ọmọ yìí kò lè sọ ìtàn náà dé òpin níwájú ìjọ kí omijé tó bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìyá rẹ̀ tí ó jókòó níwájú mi kò gbẹ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè tí ó pọ̀ jù lẹ́nu àwa àgbà ni pé, "Iṣẹ́ ìyanu wo lẹ rí?" Ọ̀kan nínú wọn dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò sí aláìsàn kankan nínú àwọn tí àwọn bá lọ tí ó dìde rìn. Mo rí i pé inú àwọn kan bàjẹ́. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí Ìjọ fúnra rẹ̀ kì í kánjú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ John Traynor, ará Liverpool, ọmọ ogun ojú omi tí ìbọn bà nínú ogun Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì ní 1915. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, wárápá ń gbé e ṣubú, gbígbé ni wọ́n gbé e nígbà tí ó bá àwọn ará dáyósíìsì rẹ̀ lọ sí Lourdes ní oṣù Keje ọdún 1923, ibẹ̀ ni ó sì ti gba ìwòsàn. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Liverpool ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ ní iṣẹ́ ìyanu, ìwòsàn kọkànléláàádọ́rin tí Ìjọ fọwọ́ sí ní Lourdes, nígbà tí ọkùnrin náà ti kú láti 1943. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìwòsàn náà kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá tán, tí ó ń ṣe òwò èédú, ó ń padà lọ sí Lourdes láti máa gbé àwọn aláìsàn ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n gbé lọ ló di ẹni tí ń gbé ènìyàn. Bí a bá fẹ́ bi àwọn ọ̀dọ́ ní ìbéèrè, kí a bi wọ́n nípa èyí.

Ó tún yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ̀ pé owó ara wọn ni wọ́n fi lọ. Kò sí ìjọba tí ó san án fún wọn. Wọ́n fọ mọ́tò, wọ́n din pọfupọ́ọ̀fù tà lẹ́yìn Máàsì, àwọn ìyá ìjọ sì se ìrẹsì tí a rà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ kan tí ó ti bá wọn ṣe gbogbo rẹ̀ kò lè lọ, nítorí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, físà ilẹ̀ Faransé kò sì jáde títí ọkọ̀ fi gbéra. Owó tí ó ti kó jọ, ó ní kí wọ́n fi kún ti aláìsàn kan. Àwòrán tí ẹ tẹ̀ jáde kò lè fi òun hàn, àmọ́ ara wọn ló wà.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo ń bọ̀ sí. A ní ibi ìrìn àjò mímọ́ tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá. Òkè Màríà wà ní Ọ̀tan Ayégbajú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òkè Màríà mìíràn wà ní Ọ̀kà Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ìjọ sì kọ́ ihò àpáta Lourdes kékeré sínú ọgbà wọn. Àwọn ènìyàn ń lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́ àti àǹkárá ẹgbẹ́ lọ́rùn. Ta ni kì í sí láàárín wọn? Àwọn tí kò lè gun òkè ni: ìyá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ọmọ tí kò lè rìn láti ìgbà tí a ti bí i, ẹni tí àìsàn ti dí mọ́lé tí ó jẹ́ pé fadá ló ń gbé Ara Olúwa lọ bá a. A máa ń sọ fún wọn pé a óò gbàdúrà fún wọn tí a bá débẹ̀. Mi ò sọ pé àdúrà náà kò dára. Ṣùgbọ́n àwòkọ Lourdes ni àwọn ihò àpáta tí a kọ́ sínú ọgbà ìjọ wa, àwọn aláìsàn ló sì ń ṣíwájú ní Lourdes.

Mo mọ̀ pé a kò ní ọ̀dà pupa lójú títì, òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà òkè wa, àga onítáyà sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa kò wọ́n. Bí dáyósíìsì kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba aláìsàn, kí nọ́ọ̀sì ìjọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń gbé ènìyàn láì pa á lára àti bí a ṣe ń fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò dára lóúnjẹ, kí a wá bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, kí a sì ṣe Máàsì ní ìsàlẹ̀ òkè fún àwọn tí a kò lè gbé dé òkè, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó bá a mu wà nílẹ̀. Ní 1992 ni Póòpù John Paul Kejì ya ọjọ́ 11 oṣù Kejì sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn káàkiri àgbáyé. Ní 1995, Yamoussoukro ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ àgbáyé náà.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní ojú ewé kan kí wọ́n fúnra wọn kọ ohun tí wọ́n ṣe, láìgé kúrú, àti ti àárẹ̀, àti ti àṣìṣe, àti ti aṣọ ìbora tó ṣubú. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọ tirẹ̀ ní Yorùbá, ìyá rẹ̀ sì bá a fi àmì ohùn sí i. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì àti lọ́wọ́ ìdílé màmá náà, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Bí ẹ bá lè tẹ̀ ẹ́ jáde kí oṣù Kejì tó wọlé, àwọn tí ń ṣètò ìrìn àjò nílé á ṣì ní àyè láti kà á.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Ìyá ìjọ kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù