Garand kì í ṣe arọ̀jò-ọta

Sí Olóòtú,

Ó ti di àṣà nínú ìwé ìròyìn wa pé ìbọn yòówù tí sójà Amẹ́ríkà bá gbé dání nínú fọ́tò ogun àgbáyé kejì, "arọ̀jò-ọta", ìbọn tó ń da ọta jáde léraléra níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí tírígà, la ó pè é. M1 Garand ló sábà máa ń jẹ́, kì í sì í rọ̀jò. Bí ìka bá fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló ń jáde. Àfi kí ìka tú u sílẹ̀ kó tún fà á. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ kì. Lee-Enfield, ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn bàbá bàbá wa gbé lọ sógun Bọ́mà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa bóòtì rẹ̀, irin tó ń ti ọta wọlé tó sì ń dí ẹ̀yìn rẹ̀.

John Garand, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Springfield, Massachusetts, ló ṣe é. Wọ́n tẹ́wọ́ gbà á ní 1936. Gáàsì ẹ̀tù ló ń lò. Bí ọta bá ti ń dé ẹnu ìbọn, díẹ̀ nínú gáàsì náà a gba ihò kékeré kan bọ́ sísàlẹ̀, a ti ọ̀pá irin sẹ́yìn. Ọ̀pá a ṣí bóòtì, páálí ọta tó ti ṣófo a fò jáde, sípíríǹgì a dá bóòtì padà pẹ̀lú ọta tuntun. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò ní ihò yìí. Ẹnu ìbọn gan-an ni wọ́n ti ń gba gáàsì, èérí ẹ̀tù sì ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀pá yẹn ṣì gba ìṣọ́ra títí dòní: ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ ń jó pẹ́ jù lè mú kó wọ́.

Ọta mẹ́jọ ni kílíìpù irin rẹ̀ ń gbà, tòun tọta ni wọ́n sì ń tì í wọ inú ìbọn láti òkè. Bí ìkẹjọ bá jáde, kílíìpù a fò sókè, a dún "tíín". Ìtàn pé ọ̀tá máa ń dúró de ìró yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ tíín láàárín ariwo ogun, nígbà tí ìbọn ẹnìkejì sójà náà ṣì kún?

Ohun tó ń pa sójà lẹ́kún nígbà náà ni àtàǹpàkò. Ẹni tó bá ń nu ìbọn tó ṣófo, tó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ibi tí ọta ń jókòó sí, ó ti tú bóòtì sílẹ̀ nìyẹn, bóòtì yóò sì gé àtàǹpàkò náà jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n kọ́ àwọn sójà láti fi di ọwọ́ ọ̀pá irin náà mú sẹ́yìn kí àtàǹpàkò tó wọlé.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn