Ẹ ka orí èèyàn fún wa, ẹ yé ka ìdajì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìpàdé tí àwọn olùwádìí ìlera ń pe ará àdúgbò sí, láti sọ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lára wọn fún wọn, kì í ṣe oore rárá. Ìkéde Helsinki, ìyẹn ìlànà Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé lórí ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń ṣe lára èèyàn, nínú ẹ̀dà ọdún 2013, sọ ọ́ gbangba pé kí ẹni tó kópa nínú ìwádìí láǹfààní àtigbọ́ àbájáde rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló wọ́. Wọ́n á ní oògùn kan fi ìdajì dín àrùn kù, àtẹ́wọ́ á sì sọ. Bẹ́ẹ̀ láti èèyàn 2 nínú 1,000 sí 1, ìdajì ni. Láti 200 sí 100, ìdajì náà ni. Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ sọ iye tó ń ṣàìsàn nínú 1,000 láìlo oògùn, iye tó ń ṣàìsàn bí wọ́n bá lò ó, àti ọdún mélòó tí ẹ fi ṣọ́ wọn. Lórí 1,000 yìí kan náà ni kí ẹ ti sọ iye àwọn tí oògùn náà pa lára. Ẹ má sì ti 1 nínú 50 bọ́ sí 1 nínú 200, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé èyí tí 200 wà nínú rẹ̀ ló léwu jù.

Yíyọ orúkọ kúrò kò tó láti bo àṣírí. Ní àdúgbò kékeré, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti iye ọmọ ti tó kí aládùúgbò fi mọ ẹni tí ẹ ń wí. Bí aláìsàn òpópónà kan kò bá tó 5, ẹ pa iye wọn pọ̀ mọ́ ti òpópónà mìíràn.

“Ṣé ó yé yín?” kì í ṣe ìbéèrè, “bẹ́ẹ̀ ni” ni gbogbo èèyàn á dáhùn. Ẹ ní kí ẹni méjì mẹ́ta fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Bó bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ sọ, ẹ̀yin lẹ kò sọ ọ́ yé. Ó sàn kí ẹ ti dán an wò lára èèyàn márùn-ún tí kì í ṣe oníṣègùn kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹ sì gé ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ kúrú, òun ló ń jẹ àsìkò ìbéèrè.

Ìwádìí tí oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? A kì í sábà pe ìpàdé tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn yẹn kò rọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín