Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: iye inú ìwé àti iye tí a máa san

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọjà o. Ìbéèrè kan ti ń pọ̀ sí i lórí káńtà wa ní London yìí: "Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni wọ́n pe owó yìí nínú ìwé. Kí ló dé tí ẹ ò lè san ju ogójì lọ?" Èyí tó pọ̀ nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó onírin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Ìwé tí èmi gan-an máa ń ṣí ni kátálọ́ọ̀gù tí iléeṣẹ́ Spink ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Apá méjì ni: ọ̀kan fún owó àtijọ́, ayé ìgbà tí kọ́bọ̀ (penny) 12 jẹ́ ṣílè kan, tí ṣílè 20 sì jẹ́ pọ́ùn, èkejì fún irú owó tí wọ́n yí sí ní ọdún 1971. Ẹ ò nílò tuntun rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá ti tó láti fi mọ irú owó tó wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n iye tó wà nínú rẹ̀ ni iye tí oníṣòwò lè tà á fún oníbàárà, kì í ṣe iye tí a fi ń rà á. Àárín méjèèjì ni owó ilé, owó iná, àti ọdún gbọọrọ tí ọjà lè fi jókòó sínú gíláàsì wà.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ipò owó náà. Owó kan ṣoṣo lè ní iye mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìlà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú òpó tirẹ̀ (column), pẹ̀lú orúkọ ipò lókè. Èyí tó wà nínú òpó Fine ti rìn jìnnà: irun ọba ti jẹ, àmọ́ lẹ́tà ara rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Very Fine, ibi tó ga jù lára àwòrán ló ti jẹ díẹ̀. Extremely Fine, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní wọn ò ná an rí. Uncirculated ni èyí tí kò wọ ọjà rárá. Láti òpó kan sí èkejì, iye lè di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka iye òpó ìkẹyìn, tí owó ọwọ́ wọn kò sì tó Fine. Kò séni tó máa pe ọmọ tirẹ̀ lóbùrẹ́wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lábẹ́ iná kí ẹ tó wá.

Ẹ má sì fi ọjọ́ orí díwọ̀n. Kọ́bọ̀ ayé Victoria tó ti yọ̀ pẹlẹbẹ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ó lè má tó pọ́ùn kan. Kọ́bọ̀ 1933 kéré sí i lọ́jọ́ orí, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi méje péré la mọ̀ pé ó wà láyé. Ti 1967 ńkọ́? Ó ju 600 mílíọ̀nù lọ tí wọ́n ṣe. Ẹ fún ọmọ yín kó fi ṣeré.

Tó bá jẹ́ ṣílè tàbí sísì, ọdún ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ó tó di 1920, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni fàdákà. Láti 1920 dé 1946, ìdajì ni. Láti 1947, kò sí fàdákà níbẹ̀ mọ́. Iye fàdákà sì ń yí lójoojúmọ́, ìwé kò lè bá a sáré.

Ní ti 50p (àádọ́ta pẹ́nì) ti 2009 tí wọ́n fi ṣèrántí ọgbà Kew Gardens tí gbogbo ayé ń wá, 210,000 ni wọ́n ṣe, ó sì ń pa owó gidi. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lóde. Ojúlówó wúwo tó gíráàmù 8, ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré kò sì wọ́n. Tí ẹ bá ń wo eBay, iye tí wọ́n ń bèèrè kọ́ ni kí ẹ wò, nítorí ẹnikẹ́ni lè bèèrè 5,000 pọ́ùn. Ẹ yan Sold items, kí ẹ rí iye tí olùrà ti san.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́! Mo mọ̀ bí a ṣe ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ nílé títí yóò fi máa dán. Owó tí wọ́n bá bó lára bẹ́ẹ̀, olùrà ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀.

Fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni owó tí Britain ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ tó nihò láàárín, èyí tí àwọn ìyá wa àgbà ná. Ẹ wá ti 1936 tó ní orúkọ Edward VIII. Ọba náà gbé adé sílẹ̀ kí owó rẹ̀ tó wọ ọjà ní Britain, ṣùgbọ́n tiwa jáde, ó sì pọ̀ débi pé kò wọ́n. Kátálọ́ọ̀gù tí mo dárúkọ lókè kò ka irú wọn kún. Orí Numista, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń to owó onírin gbogbo ayé, ni kí ẹ lọ.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá tà, owó gan-an ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe fọ́tò orí WhatsApp. A ó ṣí ojú ewé rẹ̀ níwájú yín, a ó sọ òpó tí a rò pé ó bọ́ sí, ẹ sì lè kọ̀. Èyí tó bá ju agbára wa lọ, a ó júwe ilé gbàǹjo fún yín, àmọ́ ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n máa yọ kí ẹ tó fi sílẹ̀ fún wọn.

Èmi ni, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù